Ọ̀rá Ehoro Èsìẹ́ àti Èèwọ̀ Ọkọ Mi

Láti ìgbà tí a ti padà dé, kò sí ẹni tó bi mí bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ehoro ni gbogbo yín ń bi mí. Ní odò, ní ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹ ó fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ìyá Ayọ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rá ehoro ilẹ̀ Ìgbómìnà pupa?" Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ẹ ti rò pé pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni mo wí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí ẹnu mi lè sinmi. Pupa tí mo ń wí kì í ṣe pupa osùn. Pupa ìyeyè tó pọ́n ni, pupa rúsúrúsú. Èdè wa ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, ẹ má bá mi wí.

Ẹ mọ ọkọ mi, Òṣàgbèmí, aláṣọ funfun. Láti inú oyún ni wọ́n ti fi í fún Ọbàtálá, wọ́n sì fi epo pupa ṣe èèwọ̀ fún un. Kò tọ́ ọ wò rí. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀ ni mo ti ń se ọbẹ̀ méjì, òrí ni mo fi ń se tirẹ̀, epo ni mo fi ń se tèmi àti tàwọn ọmọ. Tiwa ló dùn jù, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ láé, èmi náà ò sì sọ fún un. Èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń bọ òrìṣà rẹ̀. A ti bá ara wa jà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a ṣì lágbára, nígbà tó yá ó sú wa.

Ìyá tó bí Òṣàgbèmí, ọmọ Èsìẹ́ ni. Àníkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ogun kó o, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Títí ó fi kú, kò yé sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin kan tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń ṣeré. Nígbà tí ogun wá rọlẹ̀, tí ọ̀nà là, ọkọ mi ní òun ń lọ wo àbúrò náà, bó bá ṣì wà láàyè. Mo ní mo ń bá a lọ. Ó ní ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà obìnrin. Mo bi í pé ta ni yóò máa se ọbẹ̀ aláìlépo fún un lójú ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní kí n di ẹrù mi.

Ojú ọ̀nà

Bí a ṣe rìn kò yẹ kí n fi dá yín lágara. Ẹsẹ̀ la fi rìn, ẹsẹ̀ sì dùn wá. Ohun tí mo rí ni kí n sọ. Bí a ṣe ń gòkè lọ ni igbó ń ṣí sílẹ̀, tí igi ọ̀pẹ ń dín kù, tí ó wá di pé etí odò nìkan lèèyàn ti ń rí i. Igi òrí àti igi irú ló gba ilẹ̀. Inú ọkọ mi ń dùn bíi ti ẹni tó ń bọ̀ sílé. Ó ní, "Ìwọ wò ó, ilẹ̀ tí kò lépo." Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbin gbogbo ọ̀pẹ tó wà ní Abẹ́òkúta.

A bá alùfáà ìmàle kan láti Ṣáárẹ́ kẹ́gbẹ́ lójú ọ̀nà, ó ń ta kán-ún. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Yorùbá ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, Tápà ló fi ń bu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Yorùbá. Ó ní ẹranko náà ti gbọ́ Yorùbá jù, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Òun ló kìlọ̀ fún wa pé bí ará Ìgbómìnà bá ń kí wa, kí a má ṣe sáré, kí a má sì dá a mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí bí a bá já a níbì kan, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò padà sí.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí a wọ Òmù-Àrán, ìkíni tí wọ́n kí wa lẹ́nu ibodè, iṣu ìbá ti jinná kó tó tán. Wọ́n kí wa kú ìrìn, kú oòrùn, kú ẹrù, wọ́n kí àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé, wọ́n kí òkú wa pàápàá. Mo ń dáhùn, ẹrù ń wọ̀ mí lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ títí a fi kí tán, ṣùgbọ́n bí a ti kí tán, ọwọ́ tó gbé ẹrù náà lórí mi pọ̀ débi pé mo rò pé wọ́n fẹ́ jí i ni.

Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi láti wo ilà ojú mi. Bí mo bá la ẹnu, wọn a rẹ́rìn-ín, nítorí ohùn Ẹ̀gbá. Àwọn náà, bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìdajì ni mò ń gbọ́, wọn a sì yí i padà sí èyí tí mo lè gbọ́ bí wọ́n bá kọjú sí mi. Ìyá kan tó gbé iyán fún wa bi mí, ojú rẹ̀ le koko, bóyá òótọ́ ni pé àwa ará ìsàlẹ̀ ń fi epo bọ́jú láàárọ̀. Mo ní òótọ́ ni, a sì ń fi wẹ ọmọ. Ó káàánú mi gan-an.

Èsìẹ́

Àbúrò ìyá ọkọ mi wà láàyè. Bí a ti bèèrè ilé, tí a dárúkọ Àníkẹ́, ìyá àgbàlagbà kan jáde wá láti inú ilé, kò kí wa rárá. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tí kò kíni, nǹkan ńlá ló ṣe é. Ó bá Òṣàgbèmí, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Etí Àníkẹ́ nìyí." Ọkọ mi, ọkùnrin gàgàrà, bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́, ó sì fi aṣọ funfun tí mo ti ń fọ̀ láti Abẹ́òkúta nu imú. Èmi náà sunkún. Ìyá Àgbà là ń pe obìnrin náà.

Ọdẹ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ọdẹ́wálé, òun ló ni ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, ọmọbìnrin kan láti Ìgbàjà tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kò láriwo. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò yá, tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún. Bí ó ti gbọ́ pé ará Abẹ́òkúta ni wá, ó lọ wá ìkòkò epo kékeré kan láti bọlá fún wa, nítorí epo ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ó gbé e jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ọkọ mi rí i, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò, ó sì kà á sí wọn létí: kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí ó bá kán sí i láṣọ wàhálà ni. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìkòkò náà wọlé padà. Ó dùn mí fún un.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú wa lọ wo àwọn èèyàn òkúta tó jókòó sínú igbó wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, òmíràn di irun, òmíràn mú ohun èlò lọ́wọ́. Ọkọ mi bọ́ fìlà. Èmi kí wọn kú ìjókòó. Àwọn nìkan ni wọn ò dá ẹni lóhùn ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọbẹ̀

Ọdẹ́wálé pa ehoro fún wa. Ó sanra, ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ sè é dáadáa fún ọmọ Àníkẹ́. Èmi tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ sódò, nítorí náà n kò sí nídìí iná, ẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn. Nígbà tí a dé, iyán ti wà nílẹ̀, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run díẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, èmi ń nu ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé òkèlè bíi mélòó kan mì kó tó wo inú àwo.

Ọbẹ̀ náà pọ́n. Ọ̀rá léfòó sójú rẹ̀, ó ń dán, rúsúrúsú.

Ọkọ mi gbọ́wọ́ sókè. Ó bèèrè pé, "Kí ló pọ́n báyìí?"

Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo wa yíjú sí i. Ó wolẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sọ "ni" tẹ̀ lé e, ó parí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá kòkòrò sọ̀rọ̀ lọ.

Ọkọ mi ní, "Ẹ gbọ́ ọ. Ó ní epo ni. Ó ti jẹ́wọ́."

Ó dìde, àwo dojú dé. Ó sá lọ sẹ́yìn ilé, ó ń ti ìka bọ ọ̀fun. Àwọn ohun tó ń ké níbẹ̀ n kò ní kọ wọ́n síhìn-ín. Mo tẹ ìka bọ èyí tó kù nínú ìkòkò, mo lá a. Òrí ni, iyọ̀ ni, ata ni, ehoro ni. Epo kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń jẹ epo kí n tó léyín, bí epo bá wọ inú ọbẹ̀ tó ti kọjá ilé kejì, mo máa mọ̀. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó padà wá.

Ó ní, "Ìwọ tí epo ti ba ahọ́n rẹ jẹ, kí lo fẹ́ mọ̀?"

Mo ní, "Ìwọ tí o kò tọ́ ọ wò rí, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ó ní ojú òun ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni kan ṣoṣo nínú ilé náà tí kò mọ bí epo ṣe rí lẹ́nu ṣe di adájọ́ epo. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, ó ní ahọ́n òun ti darúgbó, òun ò lè búra. Ọdẹ́wálé kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ojú tì í jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ogun gbé lọ, tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà tí wọn kò tíì bí òun, ilé òun ló ti wá jẹ èèwọ̀. Kò bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbàjà, kó sì dúró síbẹ̀.

Mo rò pé Àbẹ̀kẹ́ yóò sunkún. Kò sunkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti ṣófo, ó ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ó sì ti pọn omi kún ìkòkò wa. Omi yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jùlọ.

Epo, èpò, èèpo

Ọkọ mi ní a ń lọ sílé. Ìyá Àgbà kò jẹun. Ó jókòó, ó kẹ́sẹ̀ jọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò bọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ bọ̀, ó ń lọ, ó sì lé ìyàwó ọmọ mi lọ." Kò pariwo. Òṣàgbèmí tún ẹrù rẹ̀ dì lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbé e.

Ìyá Àgbà náà ló bi í nígbà tó yá pé, "Kí lo gbọ́ tó sọ gan-an?"

Ọkọ mi ní, "Epo."

Ìyá Àgbà ní, "Èèpo ni èmi gbọ́."

Ọdẹ́wálé gbé orí sókè. Ó ní òun rò pé èpò ló sọ, òun sì rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni, torí kí ni koríko oko ń wá nínú ọbẹ̀ òrìṣà?

Wọ́n wò mí. Èmi, lóòótọ́, mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rù ń bà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti pò pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ẹ dán an wò nínú ilé yín. Ẹ wolẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ga jù yín lọ máa wò yín bíi pé ẹ jalè, kí ẹ wá sọ èèpo. Ẹ ó rí ohun tí yóò jáde.

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Òkìtì èèpo irú ló wà níbẹ̀, ìyẹn èèpo gígùn tí wọ́n máa ń ya kí wọ́n tó rí hóró irú inú rẹ̀. Inú èèpo náà ni ìyẹ̀fun kan wà, ó pupa rúsúrúsú, ó dùn díẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń lá a, ojú wọn a di bíi ti ẹni tó kun àtíkè. Ìyá Àgbà ní ehoro náà ń jáde láti inú igbó wá jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Ọdẹ́wálé ti pa ti ọjọ́ náà.

Ọdẹ́wálé ti gbé ìbọn kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán. Ehoro àkọ́kọ́ tó mú bọ̀, orí àpáta ló ti rí i. Wọ́n là á lójú gbogbo wa. Ọ̀rá rẹ̀ funfun bí aṣọ ọkọ mi, tàbí bí aṣọ ọkọ mi ṣe máa ń rí kó tó fi nu imú. Òṣàgbèmí kàn mi orí bí adájọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ehoro náà gbá a.

Èkejì wá láti ìdí òkìtì èèpo. Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ là á. Iná kò tíì kàn án, ìkòkò kò tíì kàn án, obìnrin kankan kò tíì fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá inú ikùn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rá náà, ó gbé ìka náà síwájú ojú, ó sì wò ó pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí alùfáà Ṣáárẹ́ ya wá láti ta kán-ún. A sọ fún un, ó sì mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá a ṣe bísímílà kí a tó pa á. Ó ní ó lè jẹ́ èèpo. Ó ní ó lè jẹ́ èpò náà, nítorí ehoro tó bá ń jẹ ewé tútù nínú oko iṣu lẹ́yìn òjò, òun ti rí ọ̀rá tirẹ̀ náà tó pọ́n díẹ̀. Ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé ó sì lè jẹ́ epo, torí ọ̀pẹ kan wà létí odò tí ẹyìn ń jábọ́ nídìí rẹ̀, ta ló mọ ohun tí ehoro ń jẹ nígbà tí kò séèyàn?

Ojú ọkọ mi yí padà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, epo ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn wọ inú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi ara rẹ̀: ṣé ehoro ló jẹ èèwọ̀ ni, àbí òun? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Bó bá jẹ́ pé ehoro ló jẹ epo, kí òrìṣà lọ mú ehoro. Ìyàwó ọmọ mi ni kí ẹ lọ mú wá fún mi."

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èèpo ni mo gbà, torí ojú mi ló rí òkìtì náà. Ṣùgbọ́n n kò bá ehoro jẹun pọ̀.

Ìgbàjà

A lọ bẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́wálé ló síwájú, ọkọ mi tẹ̀ lé e, èmi ni mo kẹ́yìn, kí n lè rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń fà sẹ́yìn bí a ṣe ń sún mọ́ ìlú. Ní gbogbo ọ̀nà wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ. Ọkọ mi ní òun yóò sọ pé àṣìgbọ́ ni. Mo ní kó má sọ pé àṣìgbọ́, nítorí kì í ṣe etí rẹ̀ ló ní kí Àbẹ̀kẹ́ máa lọ.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ àgbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú síta. Ó kí wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kí wa. Ó kí ọ̀nà tí a gbà wá, ó kí odò tí a là kọjá, ó bèèrè àlàáfíà gbogbo àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta tí kò rí rí. Ní gbogbo ìgbà yẹn kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta náà ni ọkùnrin náà tún rí nǹkan mìíràn kí. Nígbà tí kò sí nǹkan tó kù tí yóò kí mọ́, ó ní ebi á ti máa pa wá, ó sì pàtẹ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ló gbé oúnjẹ jáde. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Òṣàgbèmí, ó sì lọ jókòó sídìí ògiri. Kò wo ọkọ rẹ̀. Iyán ni, ọbẹ̀ ehoro ni. Ọ̀rá léfòó sójú ọbẹ̀ náà, ó pọ́n jù ti ọjọ́ kìíní lọ.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe há. Èèyàn kò lè mọ̀ bóyá epo wà nínú ọbẹ̀ náà tàbí kò sí. Ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni a wà. Bí ọkọ mi bá bèèrè pé, "Ṣé epo ò sí níbẹ̀?" ó ti tún fi ẹ̀sùn kan ọmọbìnrin náà lójú bàbá rẹ̀, a lè máa lọ sílé, Ọdẹ́wálé kò sì níyàwó mọ́. Bí kò bá bèèrè, tó jẹ ẹ́, tí epo bá wà níbẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀ ló ṣe yẹn, òun àti òrìṣà rẹ̀ ni yóò sì jọ wò ó. Mo ti máa ń fi èèwọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ó wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ kí n tọ́ ọ wò ṣáájú, kí n fi ojú sọ fún un. Ahọ́n tí epo ti bà jẹ́ ti wá wúlò. Mo gbé ojú mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo òrùlé wọn. Òrùlé dáadáa ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwo náà. Gbogbo ilé ń wò ó, bàbá náà ń wò ó, Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ń wolẹ̀. Ó bu òkèlè. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀ náà, kò yẹ ọ̀rá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àárín rẹ̀ gan-an ló tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó gbé e mì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó bu òmíràn, ó mú ẹran, ó jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ọbẹ̀ yìí dùn."

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Kí ló mú un dùn?"

Mo ti ń rò pé ó parí. Òṣàgbèmí gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì ná. Ó ní, "Ọwọ́ ẹni tó sè é ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ti wí ohun tí kò yẹ kí n wí sí ọwọ́ yìí, mo sì bẹ̀ ẹ́."

Ó dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́, níwájú ọmọ tó lè bí. Ọdẹ́wálé dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mi ò bi ọ́. Èmi tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ́, mi ò bi ọ́."

Ọkọ mi ni Àbẹ̀kẹ́ kọjú sí. Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá, kí ẹ jẹun. Ẹ rọra o, eegun rẹ̀ tín-ín-rín."

Bó ṣe sọ ọ́, ketekete ló sọ ọ́, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni omijé ṣe bọ́ lójú mi, èmi tí mo ń wo òrùlé. Ó wọ inú ilé lọ. A gbọ́ tó ń kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbà. Ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì, bóyá kò tilẹ̀ tú u láti ọjọ́ tó ti dé. Ó gbé e jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ọdẹ́wálé tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ rù ú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ kì í ru ẹrù obìnrin. Igbá wà lókè ẹrù náà, ẹní wà níbẹ̀, ọmọrogùn yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ará Ìgbàjà ti jáde síta, wọ́n sì ti ń kí wa kú ìpadàlọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ́wálé wo ẹrù náà. Ó di òṣùká, ó tẹ orí ba, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ jọ̀wọ́ bá òun gbé e ru.